Bí ìtànṣán olóró bá wọ ara ènìyàn: àmì wo la ó kọ́kọ́ rí, àyẹ̀wò wo la ó kọ́kọ́ ṣe?

Àdùkẹ́_Pàjáwìrì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ká ní wọ́n gbé ọkùnrin méjì wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru. Èébì ń gbé wọn, orí ń fọ́ wọn, ara wọn gbóná díẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ńdẹ́mù ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń ra irin àlòkù, wọ́n sì ń tú u. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìtànṣán. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ sínú fáìlì, tàbí kí wọ́n ní oúnjẹ ni kò bá wọn lára mu.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, kí awọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, kí ni ara ń fi hàn tó lè jẹ́ ká fura? Ohun tí nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè ṣe ni mo fẹ́ gbọ́ o.

Onífísíìsì

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tí ẹ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìlú Goiânia ní Brazil ni, lọ́dún 1987. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, ọkùnrin méjì wọ ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ti pa tì, wọ́n sì tú orí ẹ̀rọ tí cesium-137, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń tú ìtànṣán jáde, wà nínú rẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ jẹ́ 50.9 TBq (terabecquerel, òṣùwọ̀n agbára ohun tó ń tú ìtànṣán jáde). Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn méjèèjì ń bì, wọ́n sì rò pé oúnjẹ ni. Lọ́jọ́ kejì, òòyì ń kọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wú. Nígbà tó lọ fara han dókítà lọ́jọ́ 15, wọ́n ní ohun tó jẹ ni kò bá a lára mu, kó lọ sinmi nílé.

Irin náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra àlòkù. Àwọn èèyàn rí i tó ń tàn láwọ̀ búlúù nínú òkùnkùn, wọ́n pín in, wọ́n fi pa ara. Ọjọ́ 28 ni ìyàwó ẹni tó rà á gbé ìyókù rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì ìmọ́tótó ìlú, ọjọ́ 29 ni onífísíìsì kan fi ẹ̀rọ tó lọ yá wọ̀n ọ́n. Èèyàn mẹ́rin kú, wọ́n bá cesium lára 249, wọ́n sì ní láti yẹ nǹkan bíi 112,000 èèyàn wò.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wíwú yẹn máa ń dùn mí. Oúnjẹ kì í mú ọwọ́ kan ṣoṣo wú. Nítorí náà, bí ẹni méjì tó jọ ṣiṣẹ́ kan náà bá ń bì lọ́jọ́ kan náà, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta kí ẹ tó kọ ibà sílẹ̀: irin wo lẹ tú, ṣé ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, bí òjé? Ṣé àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ìtànṣán wà lára rẹ̀, tàbí nǹkan kékeré tó ń dán wà nínú rẹ̀? Níbo ló wà báyìí, ta sì ni ó wà nítòsí rẹ̀? Ìdáhùn sí ẹ̀kẹta yìí lè gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé tó wà nínú ilé náà là kí ilẹ̀ tó mọ́.

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi kún un pé aago ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ má kọ "aláìsàn ń bì" lásán. Ẹ kọ aago tó kọ́kọ́ bì, kí ẹ sì kọ aago tó fọwọ́ kan irin náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gy (gray) ni a fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara. Bó bá jẹ́ gbogbo ara ló gbà á, báyìí ló ṣe máa ń rí: bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì, ó sábà máa ń wà lábẹ́ 2 Gy. Láàárín wákàtí kan sí méjì, 2 sí 4. Kí wákàtí kan tó pé, 4 sí 6. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, 6 sí 8. Bí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti kọjá 8 Gy.

Ìgbẹ́ gbuuru ń gbè é lẹ́yìn. Lábẹ́ 4 Gy, a kì í sábà rí i ní wákàtí àkọ́kọ́. Bó bá dà lọ rẹpẹtẹ láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, ẹ ro 6 Gy sókè. Ara gbígbóná náà ní aago tirẹ̀: ní 4 sí 6 Gy, ó sábà máa ń dé láàárín wákàtí kan sí méjì. Nítorí náà ẹ wọn ara gbígbóná nígbà tí wọ́n bá dé, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí.

Ẹ fún un ní ondansetron, oògùn tó ń dá èébì dúró, ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fún un, ẹ kọ aago èébì àkọ́kọ́ sílẹ̀ àti iye ìgbà tó ti bì. Lẹ́yìn oògùn, àmì yẹn ti parẹ́.

Àdùkẹ́_Pàjáwìrì

Ẹ ṣeun, Dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù lásán lè mú ènìyàn bì. Bí ọ̀rọ̀ ìtànṣán bá ti tàn kálẹ̀ ládùúgbò, ìdajì àdúgbò á dé, gbogbo wọn á sì ní àwọn ń bì. Ẹni tí kò bì ńkọ́? Ṣé ká ní kó máa lọ ilé?

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Rárá o. Nínú àwọn tí 1 sí 2 Gy wọ̀ lára, ìdajì wọn ó kéré tán kì í bì rárá. Ní 2 sí 4 Gy pàápàá, ẹni mẹ́wàá lè wà kí ẹni mẹ́ta nínú wọn má bì. Èébì ń mú ká fura, kò lè fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń yanjú ìyẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀. Baba Láàbù, ẹ bá wa dá sí i.

Baba_Láàbù

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀, torí pé ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí.

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, límfósáìtì, ọ̀kan nínú irú sẹ́ẹ̀lì funfun, ni ìtànṣán ń pa kíákíá jù. Àwọn yòókù, bíi níútírófíìlì (irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn) àti platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì), máa ń dín kù lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, torí pé mùdùnmúdùn eegun tó ń bí wọn ti bàjẹ́. Límfósáìtì kì í dúró de ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kú nínú ẹ̀jẹ̀ níbi tó wà. Ìdí nìyí tí FBC lásán, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, tí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá lè ṣe, fi lè sọ púpọ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò EDTA, èyí tó ní ìdérí aláwọ̀ elésè àlùkò, kété tí aláìsàn bá dé. Ẹ kọ aago sí ara ìgò, déètì nìkan kò tó. Ẹ tún un ṣe ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà títí ọjọ́ méjì yóò fi pé. Bí agbára bá wà, ẹ ṣe é ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ má fa á láti apá tí omi dírípù ń wọ̀, torí omi yóò là á, iye á sì lọ sílẹ̀ láìsí ìtànṣán kankan. Ẹ̀rọ kan náà ni kí ó ka gbogbo rẹ̀.

Iye límfósáìtì gan-an la fẹ́, kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. WBC, ìyẹn iye gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun, lọ́nà ìdá náà. Ẹ wo àpẹẹrẹ ìṣirò yìí:

Wákàtí kẹrin: WBC 6,000, límfósáìtì 40%. Ó jẹ́ 2,400 nínú máíkírólítà kan.
Wákàtí kejìlá: WBC 9,500, límfósáìtì 16%. Ó jẹ́ 1,520.
Wákàtí kẹrìnlélógún: WBC 9,000, límfósáìtì 10%. Ó jẹ́ 900.

Ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀? WBC lọ sókè! Ẹni tó bá wo WBC nìkan á ní kòkòrò ló wọ ara, á kọ abẹ́rẹ́ agbógunti-kòkòrò, á sì lọ sùn. Níútírófíìlì ló ń rọ́ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ló ń bo límfósáìtì tó ń kú mọ́lẹ̀. Límfósáìtì ti dín ní 62.5% láàárín ogún wákàtí péré. Bó bá ti fi ìdajì dín kù láàárín ọjọ́ kan, tó sì tún ń lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀n tó lè pa ènìyàn ló wọ̀ ọ́.

Àdùkẹ́_Pàjáwìrì

Bí ẹ̀rọ bá ti bàjẹ́ ńkọ́, Baba? Tàbí tí iná kò sí?

Baba_Láàbù

Ẹ padà sí ọwọ́. Máíkírólítà 20 ẹ̀jẹ̀ sínú mílílítà 0.38 omi Türk, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì pupa lè yọ́. Ẹ kún àwo Neubauer, gíláàsì tí a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì, ẹ ka igun ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye tí ẹ bá kà lọ́nà 50 ni WBC nínú máíkírólítà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, ẹ kùn ún ní Leishman, ẹ pín sẹ́ẹ̀lì funfun sí ìsọ̀rí wọn.

Ibi tó ti ń yọ ni pé ọ̀pọ̀ ń ka sẹ́ẹ̀lì 100 péré. Bí ẹ bá rí límfósáìtì 20 nínú 100, òtítọ́ ibẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 12 àti 28. Ẹ ka 200 ó kéré tán. Bó bá jẹ́ pé orí kíkà yẹn ni ìpinnu ńlá dúró lé, ẹ ka 400. Ẹni kan náà ni kó ka gbogbo gíláàsì aláìsàn kan.

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Mo ní ọ̀rọ̀ kan tó kàn wá gan-an nílẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ìwé ìlànà kì í sábà sọ.

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún ṣíṣa àwọn tó nílò àyẹ̀wò síwájú sí i. Ẹ pín iye níútírófíìlì fún iye límfósáìtì. Bí ẹni náà bá ti bì, ẹ fi 2 kún un. Bí kò bá bì, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Bí àpapọ̀ bá ju 3.7 lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ dá a dúró. Wọ́n gbé e lé orí pé ìpín yìí lára ẹni tí ara rẹ̀ le jẹ́ nǹkan bíi 2.2.

Ṣùgbọ́n lára àwa Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní àmì Duffy lórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀. Ogún wa ni, kì í ṣe àìsàn. Ó sì máa ń jẹ́ kí iye níútírófíìlì inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré ju ti àwọn tí wọ́n fi ṣe ìlànà yẹn. Ìpín ẹlòmíràn lè jẹ́ 1 péré nígbà tí ara rẹ̀ le. Bí ìtànṣán bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 3. Bí kò bá bì, ìlànà yẹn á ní kó máa lọ. Ẹni tí kò bì yẹn gan-an ni a ó pàdánù.

Lódìkejì, ẹni tí ibà ń ṣe, tó ń bì, tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 2, á ní 4, wọn á sì dá a dúró lásán. Nítorí náà mo ní ká má gbọ́kàn lé nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìlọsílẹ̀ límfósáìtì láti wákàtí sí wákàtí ni ká tẹ̀ lé, kí ènìyàn jẹ́ òṣùwọ̀n ara rẹ̀. Bí FBC àtijọ́ bá wà nínú fáìlì rẹ̀, bóyá ti ọdún tó kọjá, ẹ wá a jáde.

Àyọ̀ká_Kúrómósómù

Dókítà, ṣé ibà fúnra rẹ̀ kì í mú límfósáìtì lọ sílẹ̀?

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Ó ń mú un lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà, ẹ fún un lóògùn bó bá ní in. Àmọ́ kí ibà wà kò ní kí ìtànṣán má wà. Ẹni tó ní HIV náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó kéré. Ìyàtọ̀ ni pé límfósáìtì oníbà máa ń gbéra padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí oògùn bá ti wọ ara, ti ìtànṣán ń lọ sílẹ̀ sí i ni. Ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, ẹni tí 2 sí 4 Gy wọ̀ lára máa ń wà ní 500 sí 800. Tí 4 sí 6 Gy, 300 sí 500. Lókè 8 Gy, ó lè má tó 100.

Ẹ sì ṣọ́ àwọn oògùn steroid bíi dexamethasone àti hydrocortisone. Àwọn náà ń lé límfósáìtì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń gún ènìyàn ní dexamethasone láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá pọn dandan, ẹ má fún un kí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Bí ẹ bá ti fún un, ẹ kọ aago rẹ̀.

Onífísíìsì

Amylase ńkọ́, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń wá láti ẹṣẹ́ itọ́ ẹnu? Ọ̀pọ̀ láàbù ló lè ṣe é, ó sì máa ń ga sókè láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan bí ìtànṣán bá kọjá ní orí àti ọrùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn lè wú, kó máa dùn ún, kí ẹnu rẹ̀ gbẹ. Wọ́n lè pè é ní ṣegede.

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Mo fara mọ́ ọn pẹ̀lú àkíyèsí. Bí orí kò bá sí ní ọ̀nà ìtànṣán, amylase á dúró síbi tó wà, ẹ ó sì rò pé kò séwu. Iye rẹ̀ kò sì bá ìwọ̀n Gy rìn dọ́gba lára gbogbo èèyàn. Àgbàlagbà méjì tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wọn wú lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ kọ̀ńdẹ́mù, ìyẹn á jí mi dìde lójú oorun. Amylase nìkan kò ní jí mi. Ẹ mú un nígbà tí wọ́n bá dé, kí ẹ tún mú un ní wákàtí 24, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì.

Aláàbò_Páìpù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ara ni ìtànṣán ń gbà ní gbogbo ìgbà. Nídìí iṣẹ́ páìpù epo, níbi tí a ti ń ya fọ́tò ojú ibi tí wọ́n jó páìpù pọ̀, iridium-192, irin tó ń tú ìtànṣán jáde, la ń lò. Nǹkan kékeré tó wà lórí okùn irin ni, "pigtail" ni gbogbo wa ń pè é. Bí okùn bá já, tí kò wọlé padà sínú àpótí rẹ̀, tí wọn kò sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n wò, ẹnìkan á rí i nílẹ̀, á sì kì í bọ àpò. Bí agbára rẹ̀ bá tó 1.85 TBq, ẹni tó dúró sí mítà kan gba nǹkan bíi 0.2 Gy ní wákàtí kan. Awọ tó wà ní sẹ̀ǹtímítà kan péré sí i gba ju 30 Gy lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ní Yanango, ní Peru, oṣù Kejì ọdún 1999, ẹni tó ń jó irin mú irú rẹ̀ sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Itan ń dùn ún lálẹ́, ibẹ̀ sì pọ́n. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn nígbẹ̀yìn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má bì, límfósáìtì rẹ̀ sì lè má lọ sílẹ̀ tó bí ẹ ṣe ń retí, torí pé ibì kan ṣoṣo ló gba púpọ̀ jù. Awọ ni kí ẹ máa kà. Ó máa ń pọ́n díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ó ń rìn ún tàbí ó ń gbóná, á sì tún lọ. Lílọ yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Pípọ́n gidi ń padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bí ìwọ̀n bá tó 6 Gy. Irun ibẹ̀ ń rẹ̀ láti 3 Gy, ní nǹkan bí ọjọ́ 14 sí 18. Láti 10 sí 15 Gy, awọ á bó gbígbẹ. Lókè 15, á léròrò, á máa ṣomi. Lókè 25, ẹran ara á kú. Bí ìléròrò bá dé láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, ìwọ̀n náà ga gan-an.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìjóná iná: ẹni tí iná jó mọ ìgbà tí iná jó o. Bí ènìyàn bá ní ọgbẹ́ bí ìjóná, tí kò sì rántí pé òun fara kan ohun gbígbóná kankan, ẹ bi í léèrè irin.

Àdùkẹ́_Pàjáwìrì

Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wa láàárọ̀?

Aláàbò_Páìpù

Fọ́tò. Lójoojúmọ́, láti ibi kan náà, rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́, déètì àti aago lórí pépà tó hàn nínú fọ́tò. Ẹ ya àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àti ara níwá àti lẹ́yìn, ẹ fi bírò yí ibi tó pọ́n po. Ẹ bi í pé ọwọ́ wo ló fi gbé e, àpò wo ló kì í bọ̀, fún ìṣẹ́jú mélòó. Awọ dúdú kì í fi pípọ́n hàn bí ti Òyìnbó, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wú, ẹ sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ bó bá ní ó ń ta òun.

Àyọ̀ká_Kúrómósómù

Ẹ jẹ́ kí n mú ti kúrómósómù, okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá wa, wá, torí òun ni ilé ẹjọ́ àti àwọn dókítà ńlá ń gbọ́kàn lé jù. Bí ìtànṣán bá gé kúrómósómù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ara lè so wọ́n pọ̀ lódì, kí ọ̀kan wá ní ojú ìdè (centromere) méjì dípò ẹyọ kan. Dicentric la ń pè é. Lára ẹni tí ìtànṣán kò bà, a kì í rí ju bí ẹyọ kan lọ nínú sẹ́ẹ̀lì 1,000. Ìdí nìyí tó fi ń sọ̀rọ̀ kedere láti nǹkan bíi 0.1 sí 0.2 Gy.

Ẹ̀jẹ̀ mílílítà 10, nínú ìgò lithium heparin, ìdérí aláwọ̀ ewé. Ẹ má lo EDTA, torí sẹ́ẹ̀lì kì í dàgbà dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ fà á kí wọ́n tó gbẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dúró di bíi wákàtí 24 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ibi tí ìtànṣán bà àti ti ibi tí kò bà lè ti pò pọ̀. Ẹ má gbé e sínú firísà, ìwọ̀n tútù inú yàrá, bíi 20°C, ló dára jù. Ẹ kọ sára àpótí pé kí wọ́n má fi X-ray wò ó ní pápákọ̀ òfuurufú, torí ìyẹn náà ìtànṣán ni.

Ní láàbù, mílílítà 0.5 ẹ̀jẹ̀ sínú 4.5 oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì RPMI, pẹ̀lú PHA tó ń ta límfósáìtì jí kó pín. Wákàtí 48 ní 37°C. Ní wákàtí mẹ́ta tó kẹ́yìn, Colcemid, kí sẹ́ẹ̀lì dúró lójú ìpín. Lẹ́yìn náà KCl 0.075 M, kẹ́míkà methanol mẹ́ta sí acetic acid kan, kí a kán an sórí gíláàsì, kí a kùn ún ní Giemsa. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù: bí sẹ́ẹ̀lì bá ti pín lẹ́ẹ̀kejì, bí ìdajì dicentric ti sọ nù, ìwọ̀n tí a ó kà á sì kéré ju òtítọ́ lọ. BrdU la fi ń mọ̀ èyí tó wà ní ìpín àkọ́kọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí ojú ìdè rẹ̀ kò bá pé 46 kì í wọ inú ìkà.

Ní pàjáwìrì, sẹ́ẹ̀lì 50 ti tó láti ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀. Bí láàbù bá ní ìlà ìṣirò tó ní 0.001 + 0.03D + 0.06D², tí D jẹ́ ìwọ̀n Gy, ní 3 Gy a ó retí 0.63 nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn bíi dicentric 32 nínú 50. Kò sẹ́ni tó lè ṣi ìyẹn rí. Ní 0.1 Gy, mẹ́rin sí márùn-ún nínú 1,000 ni, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ka 1,000. Kí láàbù kọ̀ọ̀kan ṣe ìlà tirẹ̀, kó má yá ti ẹlòmíràn.

Onífísíìsì

Àyọ̀ká, ìwọ̀n tó ga jù ńkọ́? Ní Tokaimura, ní Japan, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1999, òṣìṣẹ́ mẹ́ta da uranium púpọ̀ jù sínú táǹkì kan.

Àyọ̀ká_Kúrómósómù

Níbẹ̀, límfósáìtì ẹni tó gbà jù lára wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìwọ̀nba tó kù kò sì fẹ́ pín. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá pín, dicentric kò ṣeé kà. Wọ́n lo ọ̀nà tó ń fi kẹ́míkà fipá mú kúrómósómù kó jọ kí àkókò ìpín tó tó, wọ́n sì ka èyí tó ká róbótó bí òrùka. Ìtànṣán neutron tún wà níbẹ̀, nítorí náà ìyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn di sodium-24, wọ́n sì wọn ìyẹn pẹ̀lú. Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà kú.

Àdùkẹ́_Pàjáwìrì

Ọ̀rọ̀ kan tó ń ba àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́rù: ṣé aláìsàn yìí fúnra rẹ̀ lè ṣe wá ní jàǹbá?

Onífísíìsì

Ẹni tí ìtànṣán láti ìta kọjá lára rẹ̀, bíi ti páìpù, kò ní ìtànṣán kankan nínú. Ẹ fọwọ́ kàn án bí ẹ ti ń fọwọ́ kan aláìsàn mìíràn, àfi bí pigtail bá ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ wo àpò. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ gbé e, kí gbogbo èèyàn sún jìnnà, kí ẹ sì gbé aláìsàn kúrò lára aṣọ náà kíákíá.

Ti ìyẹ̀fun bíi cesium Goiânia ló yàtọ̀. Bíbọ́ aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu ń mú èyí tó pọ̀ jù kúrò. Ẹ wẹ̀ ẹ́ ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, ẹ má ha awọ. Ẹ fi òwú gba inú ihò imú ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wákàtí kan tó kọjá, kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Ẹ kó ìtọ̀ wákàtí 24 pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ tàbí kò lè mí, ìyẹn ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tó fún òṣìṣẹ́.

Tábúlẹ́ẹ̀tì iodine kò wúlò fún cesium tàbí iridium o. Ìtànṣán iodine nìkan ló wà fún. Oògùn Prussian blue ni ti cesium, 3 g lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún àgbà.

Àdùkẹ́_Pàjáwìrì

Ó yé mi. Ta la ó pè, ta la sì lè jẹ́ kó lọ ilé?

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

NNRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìtànṣán, l'Abùjá ni òfin gbé e lé lọ́wọ́, ẹ pè wọ́n nígbà tí ẹ bá ti fura, ẹ má dúró de ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ààbò ìtànṣán tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, NIRPR, wà nítòsí wa níhìn-ín. Bí ti kúrómósómù bá ju agbára wa lọ, orílẹ̀-èdè lè gba ọ̀nà NNRA bèèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ IAEA, àjọ àgbáyé lórí agbára átọ́míìkì. Yíyára ṣe pàtàkì, torí pé bí a bá fura sí 2 Gy tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, filgrastim, oògùn tó ń mú kí ara tún bí níútírófíìlì, 10 máíkírógíráàmù fún kílò kan lójúmọ́, ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ti ìdásílẹ̀: ẹni tí kò bì láàárín wákàtí 8 sí 10, tí kò sí ohun tó yí padà lára awọ rẹ̀, tí límfósáìtì rẹ̀ dúró gbọingbọin títí wákàtí 48, ẹ lè jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò heparin kalẹ̀ kó tó jáde, ẹ sì fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá: FBC lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan, àyẹ̀wò awọ àti irun ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta.

Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún ẹni tó bì, tí èébì wá dúró lọ́jọ́ kejì, tó ń jẹun, tó ní òun fẹ́ lọ. Ní 2 sí 4 Gy, ara lè dà bíi pé ó ti yá fún ọjọ́ 18 sí 28 kí platelet àti níútírófíìlì tó já wálẹ̀ pátápátá. Ní 4 sí 6, ọjọ́ 8 sí 18. Bí límfósáìtì irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé kó máa lọ, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín tó.

Baba_Láàbù

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ lẹ pépà kan mọ́ ògiri pàjáwìrì: aago tó kan irin, aago èébì àkọ́kọ́, aago oògùn èébì, aago ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú WBC, ìdá límfósáìtì àti iye rẹ̀ gan-an. Kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ láàárọ̀ rí gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan.